Omi Tó Kéré sí Òdo

"Ẹ fọ ẹnu rẹ̀," ni Alága wí.

Ọ̀gbẹ́ni Lásísì, olùtọ́jú ẹ̀rọ, dìde. Ó gbé ife onírin lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gba omi kún un, ó sì rọra dà á sínú ihò tó wà níwájú Olùwọ̀n. Ẹ̀rọ ńlá náà gbé omi mì, ó kùn díẹ̀, ó ní, "Mo ti gbàgbé àná. Èyí ni òdo." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ láti ọdún méjìlélógún. Kò sí ọmọ ìlú Ìrójú tí kò mọ̀ pé Olùwọ̀n kì í tọ́ nǹkan kan wò bí wọn ò bá tíì fọ ẹnu rẹ̀, kí adùn àná má baà da tòní rú lórí ahọ́n rẹ̀.

Ọmọ́yẹni dúró láàárín gbọ̀ngàn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀wù tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ń wọ̀, ẹ̀wù gígùn tí wọ́n rán ẹnu apá rẹ̀ pa. Ìyá rẹ̀ ló rán an ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ìka ìyá náà ṣì lè mú abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò lè di ìgò mú, kò lè da ohun kan mọ́ ohun kan, ohun tí Òfin Ọwọ́-Kúrò sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹnu béèrè, kí Olùwọ̀n dáhùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìdáhùn sórí. Ọdún mẹ́rin pé, ó parí, wọ́n fún ọ ní dìgírì. Ẹ ò rí i pé ayé ti rọrùn!

Nínú ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde lọ́dún yẹn, Ọmọ́yẹni nìkan ló ní ìwé àṣẹ láti bọ́ ẹ̀wù náà, nínú yàrá kan ṣoṣo, Yàrá Kẹtàlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé, bàbá arúgbó tó kọ́ ọ, ló bẹ̀bẹ̀ nígbà tí òfin ń bọ̀ pé kí wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí níbẹ̀ lọ́dọọdún kó tó gba dìgírì. Wọ́n gbà fún un, àmọ́ wọ́n ní ìwádìí náà gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ Olùwọ̀n mu. Ó sì ń bá a mu. Àwọn tó ṣáájú Ọmọ́yẹni wọn iyọ̀ inú òógùn, wọ́n wọn kíkan inú ọsàn, ohun tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

"Tún un sọ kí ìgbìmọ̀ lè gbọ́," ni Alága wí. Ìyáàfin Olúkòyí ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kì í jágbe mọ́ ọmọ ẹni kankan.

"Mo ní òjé wà nínú omi ẹ̀rọ wa, mà."

Ọkùnrin sísanra kan tó ṣojú Iléeṣẹ́ Omi nínú ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Òjé kẹ̀! Òjé tí àwọn baba ńlá wa fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́? Òun ló wà nínú omi? Omi Ìrójú, tí àwọn ará ìlú mìíràn ń gbé kèrègbè wá pọn nítorí pé ó dùn?"

"Òjé ló mú un dùn, sà. Láti inú páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló ti ń wá."

"Ẹ gbọ́ o!" Ọkùnrin náà fi àgbọ̀n júwe ara ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé OMI KÒ LỌ́TÀÁ. "Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, omi ò lọ́tàá. Òní ló tó ní."

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ parí ọ̀rọ̀," ni Alága wí.

Lásísì da ìgò omi ẹ̀rọ kan sẹ́nu Olùwọ̀n. Kò pẹ́ rárá tí ohùn rẹ̀ fi jáde: "Òjé: òdo."

"Ẹ dákun, mà, ẹ jẹ́ kó tọ́ tèmi náà wò."

Alága mi orí sí Lásísì pé kó ṣe é. Lásísì gbé ìgò tí Ọmọ́yẹni fi apá ẹ̀wù gbá mọ́ àyà wá, ó da díẹ̀ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Olùwọ̀n pẹ́. Ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. "Òjé: ó fi mẹ́rìnlá kéré sí òdo." Ó tún dákẹ́. "Ohun tó kéré sí òdo kò sí. Àṣìṣe. Àṣìṣe ọwọ́."

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin Iléeṣẹ́ Omi ń fi aṣọ nu ojú. "Ẹ bá mi dá sí i! Ilé tí kò séèyàn níbẹ̀ rárá, ọmọ yìí ní èèyàn mẹ́rìnlá tún ti jáde níbẹ̀!"

Ọmọ́yẹni mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ máa sọ nìyẹn. Òun gan-an ló ń dúró dè. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó ti rò ó nínú ara rẹ̀ fún oṣù kan gbáko pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ìdáhùn yẹn, ojú wọn á là, wọ́n á gbá orí mú.

"Ọ̀gbẹ́ni Lásísì, ẹ jọ̀ọ́, omi wo lẹ fi fọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Omi ẹ̀rọ ni. Omi wo ló tún wà?"

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn!" Ó yíjú sí ìgbìmọ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀, kì í kọ́kọ́ da iyọ̀ sẹ́nu. Ẹ fi omi olójèé fọ ẹnu Olùwọ̀n, ẹ ní kó gbà pé òdo nìyẹn. Bó bá tún tọ́ omi kan náà wò, kí ló fẹ́ sọ ju òdo lọ? Omi tèmi, omi òjò ni. Mo gbé e kaná, mo gba oru rẹ̀ sínú ìgò. Òjé kankan ò sí níbẹ̀. Òun ni òdo tòótọ́. Ẹ fi òun fọ ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá fún un lómi ẹ̀rọ mu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo bẹ̀ yín."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọmọ́yẹni ń wo ojú Alága, ó sì rí i pé ó yé e. Ó rí i kedere. Ojú obìnrin náà kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára ife onírin tó wà lọ́wọ́ Lásísì, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó wálẹ̀. Lásísì alára kò mọ ibi tí yóò gbé ife náà sí mọ́.

"Omi òjò ò ní nọ́ńbà àṣẹ Iléeṣẹ́ Omi," ni ọkùnrin sísanra náà wí. "Òfin ò gbà kí omi tí kò ní nọ́ńbà di òdo fún Olùwọ̀n."

"Òótọ́ ni," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Òfin nìyẹn. Ta ló wọn omi tó o ní òjé wà nínú rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Bọ́ ẹ̀wù rẹ. Fi ọwọ́ rẹ hàn wá."

Ọmọ́yẹni fà á bọ́ lórí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ké háà, bí ẹni pé ó bọ́ra síhòòhò. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fún eyín pọ̀, ó ní kí ọwọ́ náà dúró. Ọwọ́ kò dúró. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ìka gbogbo ará Ìrójú ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ti lé lógún ọdún. Wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ìdílé. Wọ́n á ní ọwọ́ Ìrójú nìyẹn, ọwọ́ baba ẹni ni. Nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣòfin. Ọwọ́ ń gbọ̀n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń da ásíìdì sára, kàkà kí wọ́n béèrè ohun tó ń mú un gbọ̀n, wọ́n ti ọwọ́ mọ́lé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn àgbà ti wí i, àmọ́ ta ló ń fetí sí àgbà?

"Ṣé ọwọ́ yìí ló wọ̀n ọ́n?" ni ọkùnrin Iléeṣẹ́ Omi béèrè.

"Ohun tí mò ń sọ náà ló ń mú un gbọ̀n, sà! Omi náà ni!"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alága wí. "Àṣìṣe ọwọ́." Ó wá tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá. "Ọmọ́yẹni, gbọ́. Yàrá Kẹtàlá á tì lónìí, bó ti wù kó rí. Ìyẹn ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ sí i kí aago méjì tó lù pé ọwọ́ rẹ ló ṣì í, wàá gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Wọ́n sọ fún mi pé ọwọ́ ìyá rẹ kò gbé nǹkan mọ́, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ni ilé ìwòsàn Òkè ń gbà. Bí o kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé ọ, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe."

* * *

Wọn kò jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé wọ gbọ̀ngàn. Inú Yàrá Kẹtàlá ni Ọmọ́yẹni ti bá a, ó jókòó lórí àpótí kékeré lẹ́bàá sítóòfù, ó ká ọwọ́ sáàárín itan.

"Ṣé o sọ ti iyọ̀ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́, Bàbá."

"Ṣé ó yé wọn?"

"Ó yé Alága. Mo rí i lójú rẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. "Kò ní ṣàìyé e. Orí àpótí yìí ló máa ń jókòó sí kí òfin tó dé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba oru."

Ọmọ́yẹni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rántí òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí bàbá yìí ní kó gbé báàfù sórí òrùlé, kó gba omi, kó gbé e kaná, kó máa gba oru rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é kó tó kún ìgò méjì. Ó kùn títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, kí lẹ wá ń fìyà jẹ mí sí?" Ìgbà yẹn ni bàbá sọ ti ọbẹ̀ àti iyọ̀ fún un. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí kì í yá òdo ẹlòmíì lò, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó há sórí fún ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kò sí nínú Olùwọ̀n.

"Mo fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

"O ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún ara ẹni, ẹ̀ẹ̀kan sí i fún ẹni tí kò gbà wá gbọ́."

Ife omi kan ṣì wà lórí tábìlì, garawa omi ẹ̀rọ mẹ́ta tí Ọmọ́yẹni ti gbé kaná fún ọjọ́ méjì títí ó fi gbẹ kù sí ife kan. Ó fi ìfami fa oògùn aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń dá òjé mọ̀ láti inú ìgò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè dúró, ṣùgbọ́n ti bàbá ń gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ, ni àwọn méjèèjì bá jọ ń gbọ̀n. Lọ́kàn rẹ̀, Ọmọ́yẹni ń gbàdúrà tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà: kí n ti ṣì í, Olúwa, kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, kí omi yìí má yí padà. Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣì í lóòótọ́, á fọwọ́ síwèé tayọ̀tayọ̀, á gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Òkè, á sùn.

Ẹ̀kán kan já sínú ife. Omi dàrú. Lẹ́yìn náà ni ó pọ́n rúsúrúsú bí èso ìyeyè, ó sì ń rọra rọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń dán.

Ó bu ìwọ̀nba omi òjò láti inú ìgò kejì sínú ìdérí, ó kán oògùn kan náà sí i. Kò yí padà. Ó mọ́ lóló.

Ó rẹwà, ibi tó burú sí nìyẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí i, Ọmọ́yẹni fò sókè, ó ké, ó di mọ́ bàbá arúgbó yìí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé, òun ló mọ̀ ọ́n, ọmọ aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! Ó tó wákàtí kan kó tó rántí pé omi tí òun ń jó fún yẹn ni ìyá òun ń mu nílé. Ojú ayọ̀ yẹn ṣì ń tì í títí dòní.

"Bàbá, kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Gbogbo ìwádìí yìí, gbogbo oru tí mo gbà. Ta ló ṣe láǹfààní?"

Bàbá ní, "Ìwúlò rẹ̀ ni pé èèyàn méjì ló mọ̀ báyìí."

"Méjì?"

"Èmi ti ń fura tipẹ́. Kí òfin tó dé rárá. Mo mọ irú páìpù tí wọ́n rì. Bí ọwọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo fura. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò sì gbé omi kaná. Mo ní kí àwọn ọmọ máa wọn iyọ̀, kí wọ́n máa wọn ọsàn, kí yàrá má baà tì. Ọdún méjìlélógún." Ó gbójú sókè. "Ìwọ ni mo wá fún lómi, nítorí mo rí i pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, mo sì fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ."

Inú bí Ọmọ́yẹni débi pé ètè rẹ̀ gbẹ. "Ẹ rán mi síbi tí ẹ̀yin ò jẹ́ lọ, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dárí jì mí."

Kò dárí jì í.

"Fọwọ́ sí i," ni bàbá wí. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ gba bẹ́ẹ̀dì fún ìyá rẹ."

"Omi kan náà ni wọ́n ń mu ní Òkè."

"Mo mọ̀."

Wọ́n gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lásísì ló wọlé, ó di ìwé àṣẹ mú, kò lè wo ojú wọn. Ó ní wọ́n ní kí òun kó ìgò, kí òun kó ìwé ìwádìí, kí òun ti yàrá. Ife tó pọ́n bí ìyeyè ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbé e, ó dà á sínú kòtò ìdọ̀tí, ó da ìgò kìíní lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èkejì. Ọmọ́yẹni ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà kó tó wọlé, apá ẹ̀wù sì wú síwájú ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

Kọ́kọ́rọ́ ń dún wọnranwọnran lọ́wọ́ Lásísì. Ọmọ méje ló bí, gbogbo Ìrójú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ó dáa," ló wí, "ẹ jáde kí n tìlẹ̀kùn."

* * *

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òfin fi sílẹ̀ fún ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó fọwọ́ síwèé. Wọ́n ti gé ihò kékeré kan sí ara tábìlì Alága tí èèyàn lè yọ ọwọ́ kúrò nínú apá ẹ̀wù, kó tì í bọ̀ láti abẹ́, kí ìka mẹ́ta péré yọ jáde. Ọmọ́yẹni gbé ìgò rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìwé náà kò gùn: Èmi, Ọmọ́yẹni ọmọ Àdùnbí, jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi ṣì í, pé omi Ìrójú kò ní àbùkù.

Ó rò ó pé bí òun ò bá fọwọ́ sí i, kí ni yóò yí padà? Kò sóhun tó máa yí padà. Bí òun bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Ìyá òun á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì funfun, nọ́ọ̀sì á máa gbé ife omi dídùn fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ó fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ rí wágunwàgun lórí ìwé, ọkùnrin Iléeṣẹ́ Omi sì fi han àwọn tó kù. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ẹ ò rí i bí?"

Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí nínú ràbà tó ń dán. Ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tó gbọ́ bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Alága ni, òun nìkan, ó ń mí gúlegúle.

"Ọmọ́yẹni." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Omi òjò yẹn. Ṣé ó kù?"

Ọmọ́yẹni wò ó.

"Ọmọ ọmọ mi obìnrin," ni Ìyáàfin Olúkòyí wí. "Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, kò tíì rìn. Kì í pè wá. Díẹ̀ náà ti tó. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìgò náà wà lábẹ́ ẹ̀wù, ó tutù mọ́ ikùn Ọmọ́yẹni. Ó lè gbé e jáde nígbà náà. Ó tún lè bú obìnrin náà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, àti ìkà kékeré kan tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ó ti tán, mà," ló wí. "Wọ́n dà á nù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe."

Obìnrin náà mi orí. Ó dúpẹ́. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó ń gun àtẹ̀gùn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó délé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òwú lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Láti oṣù mẹ́ta tó ti ń gbìyànjú rẹ̀, òwú kò tíì wọlé rí, ṣùgbọ́n kò yé gbìyànjú. Bó ṣe rí ràbà tó ń dán, ó da abẹ́rẹ́ nù.

"Yéè! Ọmọ mi ti gbà á! Èmi Àdùnbí, mi ò jìyà lásán!" Ó fẹ́ dìde jó, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó wá jó lórí ìjókòó, ó ń mi èjìká. "Ọmọ tí mo ránṣọ tọ́! Wá, wá kí n súre fún ọ."

Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀ kí wọ́n súre fún un. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé ìgò jáde, ó bu ife kan. Omi náà ku bí ife mẹ́rin. Òjò kò ní rọ̀ mọ́ títí di oṣù márùn-ún, àwọn etí ẹ̀rọ tí Iléeṣẹ́ Omi rì mọ́ òrùlé láti máa ṣọ́ òjò kò sì ní jẹ́ kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ gba ẹ̀kán kan. Omi tó mọ́ ní gbogbo Ìrójú kò ju ìyẹn lọ.

"Màmá, ẹ mu èyí. Ẹ má fi sílẹ̀."

"Omi kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe é nílé ìwé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Ojú ìyá rẹ̀ kún fún omijé. Ó gba ife pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sókè, ó ní kí Olúwa bù sí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun. Ó gbé ẹnu kan. Ó dúró. Ó yí omi náà káàkiri ẹnu, ó wo Ọmọ́yẹni bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti ọmọ, ó sì rọra tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

"Kò dùn," ló wí.

"Kì í dùn, Màmá. Bí omi ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ mu ún, ẹ jọ̀ọ́."

"Omi tí kò dùn? Ó ń ṣe lẹ́nu bí ẹni pé mi ò mu nǹkan kan." Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó nawọ́, ó gbé ìgò nílẹ̀. "Má bínú, ọkọ mi, o ṣì ń kọ́ ọ ni, ọjọ́ mìíràn á dáa. Ṣùgbọ́n ìgò yìí lẹ́wà o! Á dára fún epo pupa."

Kí Ọmọ́yẹni tó na ọwọ́, ìyá rẹ̀ ti da ojú ìgò dé. Omi náà ṣàn sórí erùpẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ sì fà á mu, ó ku ojú tó tutù. Ọmọ́yẹni na ọwọ́ síbẹ̀, kò sì rí nǹkan kan kó mọ́. Ó ń rántí ọmọ tí kò tíì rìn.

"Kí ló dé tó o ń wo ilẹ̀? Dìde, jọ̀ọ́, gba omi gidi wá fún mi. Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ọmọ́yẹni dìde. Ó gbé ife lọ sídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò, ó ṣí i, ó gba omi kún un, díẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó padà wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ gbé e sẹ́nu, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi gbẹ.

"Háà," ló wí. "Èyí lomi." Ó na ife padà. "Bu òmíràn wá."

Ọmọ́yẹni lọ bu òmíràn wá.